Ọjọ́ Tí Fìlà Ọ̀mọ̀wé Di Òṣùká Lórí Mi

Ó ní ọjọ́ kan tó ti wọ ọkàn mi jókòó, mi ò sì tíì rí i kó máa di ẹrù pé òun fẹ́ lọ. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ò ní gbà. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi ní ìgboro Ọ̀wọ̀, ẹnì kan á yọrí láti inú ìsọ̀ rẹ̀, á ní, "Ọ̀mọ̀wé oníṣu, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá juwọ́. Kí ni n bá tún ṣe?

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, lápá Ọ̀sẹ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi mí sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lónìí mo lè wà ní Ìjàgbà, lọ́la kí n wà ní Arímọ́gíja, kí eruku ojú ọ̀nà sì ti sọ bàtà mi di aláwọ̀ ilẹ̀. Mo ti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ okòwò, ó sì yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi. Mo tún kọ̀wé sí yunifásítì kan pé mo fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kan náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé wọn ò ní gbà mí. Àfi bí wọ́n ṣe gbà mí! Wọ́n ní kí n fún àwọn lésì láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá mò ń bọ̀ tàbí mi ò wá mọ́.

Wàhálà dé. Àga olórí ẹ̀ka wa fẹ́ ṣí sílẹ̀ lákòókò yẹn, gbogbo èèyàn sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé èmi ni wọ́n máa gbé e fún. Bí mo bá lọ kàwé, àga yẹn á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí mo bá jókòó ti àga, ìwé á lọ. Mo tọ ọ̀gá mi lọ, mo bi í bóyá oyè ọ̀mọ̀wé lè ràn mí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Iye ọdún téèyàn ti lò àti àyè tó bá ṣí ni wọ́n fi ń gbé wa ga níbí. Ẹ lè gba oyè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, orí àga kan náà lẹ máa bá ara yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ni ní yunifásítì, ìyẹn yàtọ̀."

Ọkọ mi, tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá ọjà, ní tòun, ohun tó bá wù mí ló wu òun. Ó kàn ní kí n rí i dájú pé ohun tó wù mí gan-an ni, kó má jẹ́ pé ohun tó máa dùn ún pè ni. Inú bí mi sí i fún odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin yẹn ti mọ̀ mí jù. Ó ti gbọ́ mi rí níbi tí mo ti ń kí ara mi nínú dígí pé, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀mọ̀wé."

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Bùnmi, ilé ìwé gírámà la ti mọra. Òun ti gba tirẹ̀, nínú ìmọ̀ okòwò bákan náà, ó sì ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní ìlú mìíràn. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti wálé fún ọdún Igogo, mo ní ẹni tí mo máa bi ti dé. Mo lọ bá a ní Sátidé nílé ìyá rẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ọ̀wọ̀ ní láti mọ nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé e. Ní gbogbo àsìkò Igogo, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ìlù kì í dún, agogo ló ń dún. Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè á di irun bí obìnrin, wọ́n á kó iyùn sára. Orí gbogbo wa ló máa ń wà ní gbangba, olówó àti tálákà, nítorí náà obìnrin tó bá mọ ara rẹ̀ níyì á ti ṣe irun rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Èmi ti lọ bá Ìyá Rìsí onídìrí, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé ìyá Bùnmi gan-an, ó sì ti fi òwú kó irun fún mi, gíga, dúdú, gígan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òwú yìí sọ́kàn.

Bùnmi ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí òun gba oyè yẹn, òun rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá á máa sáré wá. Kò sẹ́ni tó sáré. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ sọ fún òun pé ìwé òun ti pọ̀ ju ohun tí àwọn ń wá lọ. Ó ní àkókò kan wà tí òun ń kàwé náà lọ tí omi ojú ń kán sórí kọ̀ǹpútà, tí òun ń bi ara òun pé ta ló rán òun níṣẹ́.

Ó wá ní, "Àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí, láìsí oyè yẹn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á ti dá mi padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ìwọ, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí n dáhùn. Gáùn ìgboyè rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Ó gbé e wálé kí òun àti ìyá rẹ̀ lè fi ya fọ́tò. Ó fi í kọ́ sára ilẹ̀kùn, pupa rẹ̀ jinlẹ̀, apá rẹ̀ fẹ̀ bí ẹni pé èèyàn méjì ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Fìlà rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, rìbìtì, àrán dúdú, pẹ̀lú wajawaja aláwọ̀ wúrà tó ṣẹ́ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dìde dúró níwájú aṣọ lásán, mo sì pa ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn.

Bùnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ̀ ọ́ wò. Ẹni tó ń wọn ẹrù gbọ́dọ̀ gbé e lọ́wọ́."

Mo ní, "Fìlà ńkọ́? Igogo mà nìyí."

Ó ní, "Inú yàrá la wà. Ta ló ń wò wá?"

Mo wọ gáùn, mo dé fìlà. Mo wo dígí, mi ò sì mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Obìnrin tó wà nínú dígí yẹn ga jù mí lọ. Ó jọ ẹni tí wọ́n máa ń gbé àga fún kó tó béèrè. Bùnmi ya fọ́tò mi, mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, mo gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya sára owó. A ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo ní kí n ṣí fìlà. Fìlà ò ṣí.

Bùnmi ti fi pínnì irun há inú fìlà náà yíká ní ọjọ́ ìgboyè rẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa gbé e, kò sì rántí yọ wọ́n. Àwọn pínnì yẹn ti wọ inú òwú irun mi, wọ́n ti dì mọ́ ọn gbagidi. A fà á, orí mi tẹ̀lé e. A yí i, ọrùn mi yí. Ó mú ọ̀bẹ kékeré wá, ó ń wo irun mi. Èmi náà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mò ń wo fìlà.

Ó ní, "O ò ní fi ọ̀bẹ kan fìlà tí mo fi ẹkún gbà!"

Mo ní, "Ìwọ náà ò ní fi ọ̀bẹ kan irun mi láàárín Igogo! Ṣé orí jákujàku ni kí n gbé jáde?"

Ibẹ̀ la wà tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókèèrè. Ọ̀wọ́ àwọn tó ń jó ń bọ̀ lọ́nà wa, ìyá Bùnmi sì ti lọ pàdé wọn pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, wọ́n máa tó padà wọlé. Ìyá yẹn mú ọ̀rọ̀ àṣà Ọ̀wọ̀ le ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Bó bá bá mi pẹ̀lú fìlà nínú ilé rẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá wọ̀. A pe Ìyá Rìsí onídìrí lórí fóònù, kò gbé e. Ó ti jáde síwájú ìsọ̀ rẹ̀ láti wòran. Kò sí ohun tó kù ju kí n sọdá lọ bá a.

Mo bọ́ gáùn. Fìlà ńkọ́? Mo ní kí Bùnmi fún mi ní ìborùn kí n fi bò ó. Ó ní, "O fẹ́ fi gèlè bo fìlà nínú Igogo?" Lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ méjì nìyẹn lórí kan ṣoṣo. Òun ló wá ronú kan ohun tó sọ mí di Ọ̀mọ̀wé oníṣu. Ó ní òfin ò ka ẹrù léèwọ̀, pé ẹni tó ru ẹrù ò dé fìlà. Ló bá gbé bàsíà ńlá lé mi lórí. Bàsíà òfìfo ń fì, ó bá kó iṣu tí ìyá rẹ̀ rà bọ̀ láti Upenmen sí i kó lè jókòó dáadáa. Ó jókòó dáadáa. Báyìí ni fìlà tí ọ̀rẹ́ mi fi ẹkún gbà ṣe di òṣùká.

Mo jáde. Ọrùn mi ń wọ inú èjìká lọ. Ojú ọ̀nà ti kún fọ́fọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè sọdá. Mo dúró láàárín èrò, mo di etí bàsíà mú, mò ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má wo abẹ́ rẹ̀.

Kábíyèsí wá ń bọ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, mo ti rí i láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ó dà bíi pé mi ò rí i rí. Agogo ń dún yíká, olúkúlùkù sì ṣí orí sílẹ̀, àtàwọn tó ní ọkọ̀ ńláńlá àtàwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta yìnyín. Kábíyèsí jó wá pẹ̀lú irun dídì àti iyùn títí dé àyà, kò yára, kò sì lọ́ra. Àyà mi kún. Mo gbàgbé oyè, mo gbàgbé àga, mo gbàgbé pé mo ru nǹkan kan. Ẹ̀rù iyì rẹ̀ bà mí débi pé mo ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré. Mo kúnlẹ̀.

Orúnkún mi kanlẹ̀, bàsíà ò bá a kanlẹ̀. Ó ṣíwájú mi lọ, ó dún gbàràmù, iṣu sì tú ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. A dúpẹ́ pé Kábíyèsí ti kọjá. Àmọ́ àwọn èrò tó ń tẹ̀lé e ò tíì kọjá, gbogbo wọn sì yíjú sí mi. Èmi nìkan ṣoṣo, láàárín orí gbogbo tó ṣí sílẹ̀, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú fìlà àrán tí wajawaja rẹ̀ ń jó létí mi.

Obìnrin kan fi ohùn Ọ̀wọ̀ pariwo, "Ọma yìí dé fìlà o!"

Ariwo gbà á. Ọ̀kan ní wọ́n á gba ewúrẹ́ ìtanràn lọ́wọ́ mi. Òmíràn ní ewúrẹ́ ò tó. Ẹnì kan ní àlejò ni mí, kí wọ́n ṣàánú mi, ẹlòmíì sì dáhùn pé àlejò kọ́, ó mọ ilé bàbá mi. Bùnmi ń sá lé iṣu kiri, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ó há mọ́ ọn lórí ni," kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Ní tèmi, mo wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò là.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣu náà yí lọ bá baba àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ìsọ̀ Ìyá Rìsí. Ìjòyè ni, wọ́n di irun rẹ̀ fínnífínní, iyùn wà lọ́rùn àti lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tí kò fi bá àwọn yòókù jó lọ. Mo mọ̀ ọ́n lójú, mo mọ̀ pé òkè Ọya ló ti lo ìgbésí ayé rẹ̀ kó tó wálé wá joyè, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, dìde. Máa bọ̀."

Mo lọ bá a. Ó na ọwọ́ mú wajawaja náà láàárín ìka méjì, ó rọra yí i. Mo rò pé ó fẹ́ já a ni.

Ó ní, "Irú èyí wà nínú àpótí mi nílé. Tèmi ti ṣá."

Mo ní, "Ẹ̀yin, Bàbá?"

Ó ní, "Ìmọ̀ okòwò ni. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nígbà tí mo gbà á, ipò tí mo wà kí n tó lọ ni mo padà bá. Ọ̀gá mi tiẹ̀ bínú sí mi, ó ní mo ti di olóyìnbó. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ni ni mo tó rí ìwúlò rẹ̀." Ó sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń sọ ti òjò àná. Irun dídì ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìjòyè ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ̀ pé orí yẹn ti dé irú fìlà tí mo tìtorí ẹ̀ wà nínú ìyọnu.

Ìyá Rìsí mú mi jókòó sórí àpótí, ó di orí mi mú láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ta ló kó irin sínú fìlà? Ẹ fẹ́ pa èèyàn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú níkọ̀ọ̀kan. Mi ò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ Olóyè lọ. Mo gbọ́ tó bi mí bóyá tèmi ni fìlà náà. Mo ní rárá o, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí ni, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá kí n lọ, torí kò ní fún mi ní ìgbéga.

Ó ní, "Yọ ti ìgbéga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí lo fẹ́ mọ̀ tí o ò tíì mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá torí pé mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni ni ẹnu mi fi yá. Mo sọ fún un nípa àwọn obìnrin kan ní Ìjàgbà tí wọ́n ń dín gàárì pọ̀. Wọn ò ní ọ́fíìsì, a ò fún wọn ní ẹ̀rọ rí, àwọn ìyá wọn ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó sì wà síbẹ̀ digbí. Mo sọ nípa àwọn ẹgbẹ́ tí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba dá sílẹ̀ fúnra wa níbòmíì, tí a fún ní ẹ̀rọ, tí a ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì tú ká kí ọ̀dà ara ẹ̀rọ tó gbẹ tán. Mo ní ó ti ń dà mí láàmú tipẹ́. Kí ló ń mú ẹgbẹ́ kan dúró tí èkejì fi ń ṣubú? Àbí ìrànlọ́wọ́ wa ló ń pa wọ́n? Mo ní bí mo bá ń ti Ìjàgbà bọ̀ nírọ̀lẹ́, mi ò kì í gbọ́ rédíò inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rò títí màá fi délé. Mò ń sọ, mò ń fọwọ́ júwe, mò ń dárúkọ àwọn obìnrin náà níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ibẹ̀ ti dákẹ́. Àwọn tó fẹ́ gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi ti fara ti ògiri, wọ́n ń gbọ́. Ìyá Rìsí ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún. Mo fọwọ́ kan orí mi, mo bá irun.

Mo ní, "Ó ti ṣí?"

Bùnmi, tó gbé fìlà náà dání, ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ṣí."

Olóyè rẹ́rìn-ín títí iyùn ọrùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Fìlà ti kúrò, ọ̀rọ̀ ò kúrò. Èyí tó o ń sọ yẹn ni kó o gbé lọ bá wọn."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí láìsí bàsíà.

Mo fún yunifásítì lésì ní Mọ́ńdè pé mò ń bọ̀, mo sì ń pa iṣẹ́ àti ìwé pọ̀ ṣe. Ẹlòmíì ti jókòó sórí àga olórí ẹ̀ka wa, òun ni mò ń kí ní "ẹ káàárọ̀, sà" báyìí, ó sì máa ń dùn mí díẹ̀ ní òpin oṣù. Mi ò lè sọ fún yín pé oyè náà máa sọ mí di nǹkan kan. Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé kí èèyàn tó wọn ohun tí ìwé máa fún un, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ń wá kiri. Tèmi wà ní Ìjàgbà láti ọjọ́ yìí, mo sì ń wá a nínú dígí. Ní báyìí, bí mo bá jókòó ti àwọn obìnrin yẹn lẹ́bàá agbada gàárì, tí èéfín ń wọ̀ mí lójú, inú mi máa ń dùn débi pé ojú máa ń tì mí.

Ọkọ mi ti tẹ fọ́tò tí Bùnmi yà lọ́jọ́ náà jáde, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé èyí tí mo wọ gáùn ni. Èyí tí orí mi wà láàárín orúnkún Ìyá Rìsí ni, tí iṣu kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Fìlà Bùnmi ṣì tẹ̀ láàárín títí di òní, kò sí bó ṣe nà án tó nà. Ó ní ọjọ́ tí mo bá gba tèmi, òun á ru iṣu sórí ẹ̀ lọ sí ọjà, àtilọ àtàbọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo wá rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín rárá, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá bàsíà yẹn ṣì wà.